Benin: ọ̀nà etí òkun lẹ máa gbà ni, àbí ọ̀nà Kétu?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Nàìjíríà ló ti dé Kútọnu rí, tí a sì ń sọ pé a mọ Benin. Ẹni tó lọ ra mọ́tò tòkunbọ̀ mọ èbúté, ẹni tó lọ fi òpin ọ̀sẹ̀ gbafẹ́ mọ etí òkun. Èmi náà rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dé Kétu, ìlú Yorùbá àtijọ́ tó wà ní Benin. Ọjọ́ tí mo débẹ̀ ni mo mọ ohun tí mo ti ń fò kọjá látọjọ́ yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fi ọ̀nà méjì wéra fún ẹni tó ń múra àtilọ. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti etí òkun: Àjàṣẹ́, Kútọnu, Ganvié, Ouidah. Ọ̀nà kejì ni ti òkè: láti Àjàṣẹ́ gba Pobè lọ sí Kétu, kí ẹ ti ibẹ̀ bọ́ sí Àgbómẹ̀, Ìdáàṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́. Iye ọjọ́ tí wọ́n ń gbà yàtọ̀ síra, ẹni tí wọ́n sì bá lára mu yàtọ̀.

Ohun tó kan ọ̀nà méjèèjì

Ilẹ̀ Benin gùn, ṣùgbọ́n kò fẹ̀. Láti etí òkun dé odò Ọya lókè pátápátá tó kìlómítà 700. Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń kọ ní Porto-Novo sára àwòrán ilẹ̀, ni olú ìlú, ṣùgbọ́n Kútọnu ni ìjọba ń jókòó sí. Dàhòmì ni orúkọ orílẹ̀-èdè náà títí di ọdún 1975 tí ìjọba Mathieu Kérékou yí i sí Benin. Kì í ṣe ìlú Ọba Ìbíní tó wà ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jọra. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960 ni wọ́n gba òmìnira, oṣù méjì ṣáájú tiwa. Aago wọn àti tiwa bára mu, ọwọ́ ọ̀tún ni mọ́tò wọn ń gbà bíi tiwa, Faransé sì ni èdè ìjọba.

Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS kò nílò físà. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n fún yín. Ẹ mú páásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS dání, ẹ mú yẹ́lò káàdì tó fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kí ẹ sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ fún yín nígbà tí ẹ bá ń wọlé àti nígbà tí ẹ bá ń jáde. Ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ ló máa ń sọ ìrìn-àjò di wàhálà lọ́nà ìpadàbọ̀.

Sẹ́fà ni owó wọn. Wọ́n so ó mọ́ owó yúrò, yúrò 1 jẹ́ sẹ́fà 655.957, nítorí náà iye rẹ̀ kì í ṣàdédé fò sókè sódò. Náírà tiwa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ pé Benin ti wọ́n, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí náírà láti oṣù kẹfà ọdún 2023.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe mí lórí ọ̀rọ̀ owó yìí. Ní ẹnubodè kan, mo pààrọ̀ náírà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ṣẹ́ owó lẹ́bàá ọ̀nà. Mo kà á níṣojú rẹ̀, ó pé. Ó ní kí n mú un wá kí òun tún un kà fún mi kó lè dá òun lójú. Ó kà á, ó ká a po, ó fi rọ́bà dì í, ó dá a padà fún mi. Ìgbà tí mo dé inú mọ́tò ni mo tó rí i pé ìwé owó ẹlẹ́gbẹ̀rún-mẹ́wàá méjì ti yọ lára rẹ̀. Tí ẹ bá ti ka owó tán tó pé, ẹ má ṣe jẹ́ kó tún kúrò lọ́wọ́ yín. Ìwọ̀nba tí ẹ máa ná ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni kí ẹ ṣẹ́ ní ẹnubodè.

Ẹnubodè: Ṣẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdí-Ìrókò

Ẹni tó ń lọ sí etí òkun máa ń gba Ṣẹ̀mẹ̀. Láti ọdún 2018 ni àwọn òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì ti wà lójú kan náà níbẹ̀, èyí tó yẹ kó mú iṣẹ́ yá. Ohun tó ń jẹ ọjọ́ ni ọ̀nà Badagry fúnra rẹ̀ àti àwọn ibi tí wọ́n ti ń dá mọ́tò dúró. Ẹ fi ọjọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún ọ̀nà nìkan, ẹ má ṣe fi ìpàdé kankan sí i.

Ẹni tó ń lọ sí òkè, Ìdí-Ìrókò ni kó gbà. Ó máa gbé e bọ́ sí apá Ìfọ̀nyìn, Àjàṣẹ́ kò sì jìnnà síbẹ̀. Ọ̀nà mìíràn wà tó gba Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá bọ́ sí Kétu tààrà, òun ló sì kúrú jù. Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà ààlà gba àárín ilẹ̀ Alákétu kọjá, tí Ìmẹ̀kọ fi bọ́ sí apá tiwa, tí Kétu sì bọ́ sí apá tiwọn. Àwọn ará ibẹ̀ ń lọ bọ̀ bí ẹni tó ń ti yàrá bọ́ sí pálọ̀. Ṣùgbọ́n àlejò ni yín, ẹ má ṣe gba ọ̀nà inú igbó tí ọlọ́kadà bá fi hàn yín. Ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Èdè

Níbí ni ìyàtọ̀ ti kọ́kọ́ hàn. Ní Àjàṣẹ́, Yorùbá àti Ègùn jọ ń rìn ni, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ rà tí ẹ kò ní rí ẹni tó gbọ́ yín. Ní Kútọnu, àwọn oníṣòwò ọjà Dantokpa gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Fọn àti Faransé ni ìgboro ń sọ. Ní Ganvié àti Ouidah, ẹni tí kò gbọ́ Faransé máa nílò afinimọ̀nà.

Ní ọ̀nà òkè, èdè ìyá yín ló máa gbé yín lọ, àfi ní Àgbómẹ̀ tó jẹ́ ìlú Fọn. Tí wọ́n bá bi yín pé ṣé ẹ ń sọ Nàgó, ẹ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀ nìyẹn. Ohùn wọn yàtọ̀ sí tiwa. Nígbà tí àwa bá ti yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ti yá tiwọn lọ́wọ́ Faransé, nítorí náà kí ẹ fara balẹ̀ fún wákàtí àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà etí yín á là.

Etí òkun: ohun tí ojú yín máa rí

Àjàṣẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sáré kọjá rẹ̀. Ẹ lọ wo mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1912. Tí ẹ bá dúró níwájú rẹ̀, ẹ máa rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú Brazil padà wá ló mú irú ilé bẹ́ẹ̀ wá, wọ́n sì kọ́ ilé Ọlọ́run bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n kọ́ ní Bahia. Ẹni tó bá mọ àdúgbò Àgùdà ní Èkó á mọ ọwọ́ wọn lójú kan náà. Ààfin Ọba Toffa wà nítòsí, wọ́n ti sọ ọ́ di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ àgbẹ̀, kó yà sí Songhai, oko ẹ̀kọ́ tí àlùfáà Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, dá sílẹ̀ ní 1985.

Ní Kútọnu, ọjọ́ kan tó. Àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémìjáǹ, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ "tètè gbé mi" ní èdè Fọn, ló máa gbé yín kiri. Ẹ dá iye owó kí ẹ tó gùn ún. Ẹ wo ère obìnrin jagunjagun tó ga tó mítà 30, tí wọ́n ṣí ní 2022, kí ẹ sì máa lọ.

Ganvié ni ìlú orí omi tó wà lórí ọ̀sà Nokoué. Abomey-Calavi ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀. Àwọn Tofinu ló tẹ̀ ẹ́ dó nígbà tí wọ́n ń sá fún àwọn tó ń mú ènìyàn lẹ́rú. Lójú omi, ẹ máa rí ẹ̀ka igi tí wọ́n gún mọ́lẹ̀ lọ súà bí ọgbà. Ilé ẹja ni. Ẹja máa ń wọ inú ẹ̀ka igi náà láti jẹun àti láti pamọ́, lẹ́yìn oṣù mélòó kan wọn á fi àwọ̀n yí i ká, wọn á kó o. Àwọn obìnrin ń fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tajà láti ojúlé dé ojúlé. Ẹ má ṣe ya fọ́tò wọn láìtọrọ ààyè, ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ ẹ. Wọ́n á fi fìlà tàbí ọwọ́ bojú, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ouidah, tí wọ́n ń pè ní Wídà, wà ní bíi kìlómítà 40 sí ìwọ̀ oòrùn Kútọnu. Tẹ́ńpìlì erè (òjòlá) àti ilé ìjọsìn ńlá Kátólíìkì dojú kọra wọn ní gbàgede kan. Oṣù kìíní ni wọ́n máa ń ṣe ọdún Vodun, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn, jákèjádò orílẹ̀-èdè, ìlú yìí sì máa ń kún àkúnya nígbà náà. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé mi débẹ̀ ni ọ̀nà àwọn ẹrú, bíi kìlómítà mẹ́rin láti àárín ìlú dé etí òkun. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi zémì gbá a lọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí wọ́n á ya fọ́tò lẹ́nu géètì tó wà létí òkun, tí wọ́n á sì yípadà. Tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ rìn ín lábẹ́ oòrùn, erùpẹ̀ pupa á wọ bàtà yín, ẹ máa kọjá ibi igi ìgbàgbé, tí wọ́n ní ọkùnrin máa ń yí ká lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀meje, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ẹ kò ní rí òkun títí tí ẹ ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀, ariwo rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Géètì ńlá tí wọ́n ń pè ní Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ dúró níbẹ̀ láti ọdún 1995, omi nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Òkè: ibi tí wọ́n ti mú àwọn tó rin ọ̀nà yẹn

Lẹ́nu géètì yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé níbo gan-an ni àwọn ènìyàn náà ti wá. Ìdáhùn náà wà lókè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, tí ogun Dàhòmì, ìjọba ọba Fọn àtijọ́ tó wà ní Àgbómẹ̀, tàbí ogun abẹ́lé kó. Kossola, tí Amẹ́ríkà mọ̀ sí Cudjo Lewis, wà lára àwọn tí ọkọ̀ Clotilda gbé kúrò ní Ouidah lọ sí Alabama ní 1860. Àwọn olùwádìí tọ́ka sí agbègbè Bantè, láàárín àwọn Yorùbá Ìṣà, gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti mú un. Bantè kò jìnnà sí Ìdáàṣà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà méjì tí mo ń fi wéra yìí fi jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo nígbà kan rí, èyí tí wọ́n ń dà wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Kétu ni ọkàn ìrìn-àjò yìí. Ó wà lára àwọn ìlú tí ìtàn sọ pé ọmọ Odùduwà tẹ̀ dó. Ibi tí ẹ máa kọ́kọ́ lọ ni Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà. Ilé amọ̀ ni, ó ní àbáwọlé láti ìta àti àbájáde sí inú ìlú, ààyè òkùnkùn sì wà láàárín méjèèjì. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ máa ń dúró díẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó ríran, ìgbà yẹn sì ni ẹ̀ṣọ́ ti rí i tán. Mo gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn igi náà. Ó nípọn, ó tutù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán gangan ni. Yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká ṣì wà lóde, koríko ti bò ó. Bàbá kan tó jókòó síbẹ̀ sọ ìtàn orúkọ ìlú fún mi: ta ló lè tú iké ẹ̀yìn abuké, ta ló lè fọ́ ìlú yìí? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Dàhòmì fọ́ ọ." Ọdún 1886 ni, ìlú náà sì wà ní ahoro títí di ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì, tí àwọn tó kù padà wá tún un dá. Mo bi í pé níbo ni àwọn tí wọ́n kó lọ wà. Ó fọwọ́ júwe ìsàlẹ̀, síhà òkun.

Orúkọ Kétu kò kú lọ́nà ibi tí wọ́n kó wọn lọ. Ní Bahia títí dòní, ẹ̀yà Candomblé tó gbilẹ̀ jù ń jẹ́ Ketu, ilé òrìṣà kan ní Salvador sì ń jẹ́ Alaketu.

Kétu yìí náà ni ọ̀pọ̀ àgbà gbà pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀ wá. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún Benin, Nàìjíríà àti Togo. Oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún ló máa ń wọ́pọ̀. Tí ẹ bá bá a pàdé, ẹ má ṣe sùn lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀. Orin àti àwàdà alẹ́ yẹn ni ẹni tó gbọ́ Yorùbá ń jẹ̀gbádùn tí òyìnbó tó jókòó tì í kò mọ̀.

Láti Kétu, mọ́tò máa gba Covè lọ sí Bohicon, Àgbómẹ̀ sì wà lẹ́bàá rẹ̀. Ààfin àwọn ọba Dàhòmì tó wà níbẹ̀ gba ilẹ̀ tó hẹ́kítà 47, UNESCO sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1985. Ọba kọ̀ọ̀kan ń kọ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti baba rẹ̀. Ẹ wo àwòrán amọ̀ ara ògiri. Ogun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò rọrùn fún Yorùbá láti dúró níbẹ̀. Ọ̀yọ́ gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn fún ìgbà pípẹ́ títí Guezo, ọba wọn, fi já ara rẹ̀ gbà ní àwọn ọdún 1820. Àwọn ló wá kọjú sí Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, tí Ẹ̀gbá sì lé wọn padà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ohun èlò 26 tí ọmọ ogun Faransé kó lọ láti ààfin yìí ti padà sí Benin ní oṣù kọkànlá 2021. Iṣẹ́ àtúnkọ́ ń lọ ní ààfin yìí àti ní àgọ́ Potogí tó wà ní Ouidah, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó gbéra, kí ẹ má baà bá ilẹ̀kùn ní títì.

Ìdáàṣà jẹ́ ìlú òkè, àwọn òkúta ńláńlá yí i ká. Àwọn Kátólíìkì máa ń rọ́ lọ síbẹ̀ ní oṣù kẹjọ fún ìrìn-àjò mímọ́ ti Màríà Wúńdíá. Ṣábẹ̀ẹ́ náà ní òkè tirẹ̀, tí ẹ máa rí láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ gùn ún láàárọ̀ kùtùkùtù pẹ̀lú ọmọ ìlú.

Oúnjẹ àti owó

Ẹja ló lérè jù ní etí òkun, pàápàá èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó láti ọ̀sà. Ẹ jẹ àmìwó, ọkà àgbàdo tí wọ́n fi tòmátì rò tó pọ́n, pẹ̀lú adìyẹ. Àkàsà wọn kò yàtọ̀ sí ẹ̀kọ wa. Lókè, iyán ni, iyán gidi, iṣu agbègbè Ìdáàṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́ kò sì ní ẹgbẹ́. Wàgàṣí, tí àwa ń pè ní wàrà, ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ rẹ̀ tí ẹ kò bá fẹ́ ẹran.

Etí òkun ló ń náni lówó jù: yàrá òtẹ́ẹ̀lì, ọkọ̀ ojú omi, afinimọ̀nà. Lókè, ibùsùn kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò wọ́n. Ẹ kó sẹ́fà olówó kékeré dání, torí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbowó kò sí níbi gbogbo.

Ìgbà tó dára

Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì dára fún ọ̀nà méjèèjì. Níhà gúúsù, òjò ń rọ̀ láti oṣù kẹrin sí oṣù keje, á tún padà wá ní oṣù kẹsàn-án títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Ọyẹ́ máa ń bo òkè Ìdáàṣà lójú, nítorí náà ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò kó lọ ní oṣù kọkànlá.

Òkè pátápátá ńkọ́?

Ọgbà ẹranko Pendjari àti àwọn ilé alámọ̀ Koutammakou ní agbègbè Natitingou lẹ́wà púpọ̀. Ṣùgbọ́n láti 2019, àwọn agbébọn ti ń ṣọṣẹ́ nítòsí ààlà Burkina Faso àti Niger, wọ́n sì ti pa ọ̀pọ̀ sójà Benin. Mi ò ní rán ọmọ ìyá mi lọ síbẹ̀ báyìí, nítorí náà mi ò ní rán yín. Gbogbo ìlú tí mo ti dárúkọ ṣáájú nínú ọ̀nà méjèèjì jìnnà sí ibẹ̀.

Ta ni kó gba èwo?

Ẹni tó ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kó gba etí òkun. Ẹni tó mú ọmọ kékeré dání náà, kó gba etí òkun. Ọkọ̀ ojú omi Ganvié á dùn mọ́ wọn, ọ̀nà kò sì gùn. Ẹni tó ń lọ sójú ìjọ́sìn Vodun ní oṣù kìíní, kó ti wá yàrá sílẹ̀ ní Ouidah láti oṣù mélòó kan ṣáájú.

Ẹni tó ní ọjọ́ márùn-ún, kó gba òkè. Ẹni tó mú òbí tó ti dàgbà dání, òkè náà ni mo yàn fún un, bí ọ̀nà bá tilẹ̀ jìn jù, torí inú ìyá tàbí bàbá tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀ á dùn ju ti ẹni tó jókòó sínú òtẹ́ẹ̀lì létí òkun lọ. Ọjọ́ kan ní Àjàṣẹ́, méjì ní Kétu, ọ̀kan ní Àgbómẹ̀, ọ̀kan ní Ìdáàṣà; Ṣábẹ̀ẹ́ á dúró de ẹni tó bá ní ọjọ́ kẹfà. Ẹ má ṣe dín ti Kétu kù sí wákàtí méjì. Ẹ sùn síbẹ̀, ẹ tètè jí, ẹ lọ sí Àkàbà Ìdènà nígbà tí àwọn àgbà bá ń jókòó, kí ẹ kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Wọ́n á bi yín pé ọmọ ibo ni yín. Ẹ dárúkọ ìlú yín, ẹ dárúkọ agbolé yín, kí ẹ sì jókòó.